Ẹ Jẹ́ Ká Máa Ka Iye Àìsàn Ọjà Wa Fúnra Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ nínú ìwé ti oṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìsọ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀ gbígbá. Ọ̀rọ̀ àìsàn ni. Àwọn kan á ti máa sọ pé, "Kòrónà? Ṣé a ò tíì sọ ọ́ tán ni?" Òótọ́ ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde ní ọjọ́ 5 oṣù karùn-ún ọdún 2023 pé kòrónà kì í ṣe ọ̀rọ̀ pàjáwìrì fún gbogbo ayé mọ́. Ṣùgbọ́n wọn ò sọ pé àrùn náà ti kú. Ohun tó dáwọ́ dúró ni kíkà tí wọ́n ń ka iye rẹ̀ fún wa lálaalẹ́. Ohun tí èèyàn ò bá sì kà mọ́, ó máa ń rò pé kò sí mọ́ ni. Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ wa wà.

Ẹ jẹ́ ká rán ara wa létí. Ọjọ́ 27 oṣù kejì ọdún 2020 ni wọ́n rí ẹni àkọ́kọ́ tó ní kòrónà ní Nàìjíríà, òyìnbó ará Ítálì kan tó gba Èkó wọlé tó sì lọ síbi iṣẹ́ ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Nígbà tó di ọjọ́ 6 oṣù kẹrin, wọ́n kéde pé èèyàn méjì ti ní in ní Kwara tiwa. Ẹ ka ọjọ́ náà wò, kò pé ogójì ọjọ́. Lẹ́yìn náà ni kónílé-ó-gbélé dé. Kò sẹ́ni tó máa gbàgbé oṣù yẹn nínú wa. Aláṣọ ti ìsọ̀ rẹ̀ pa, onítòmátò jókòó ó ń wo ọjà rẹ̀ bó ṣe ń rà. Owó tí àwọn kan fi ń ṣòwò ni wọ́n mú jẹun. Àwọn mìíràn wà tí wọn ò tíì padà sí ipò tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀ títí di òní.

Ní gbogbo àsìkò náà, àjọ NCDC tó ń rí sí dídènà àjàkálẹ̀ àrùn ní Nàìjíríà ń ka iye lálaalẹ́. Èkó, báyìí báyìí. Ọ̀yọ́, báyìí báyìí. Kwara, báyìí báyìí. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe, a ò lè fojú kéré rẹ̀. Ṣùgbọ́n Kwara tóbi. Láti Ọ̀fà dé Kàìámà, ìrìn ọjọ́ kan ni. Bí wọ́n bá ní ogún èèyàn ní Kwara lónìí, ṣé ogún náà wà ní Ìlọrin ni, àbí ó wà ní Ọ̀fà? Ó ṣọ̀wọ́n ká tó gbọ́. Bẹ́ẹ̀ ẹni tó ń ná ọjà fẹ́ mọ ohun tó wà ní ìsọ̀ tó kọjú sí i, kì í ṣe ohun tó wà ní gbogbo ìpínlẹ̀ nìkan.

Ẹ wá wo iye náà fúnra rẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ pọ̀. Gbogbo Nàìjíríà, ó lé ní 266,000, àwọn tó kú sì jẹ́ 3,155. Èkó nìkan ju 100,000 lọ. Ọ̀yọ́ ju 10,000 lọ. Kwara ju 4,600 lọ. Ọ̀ṣun ju 3,000 lọ. Kogi ńkọ́? Kogi tí a bá pààlà, tí Kàbà àti Lọ́kọ́ja wà pẹ̀lú wa nínú Kwara kan náà títí di ọdún 1991, èèyàn márùn-ún péré ni wọ́n kà fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Márùn-ún!

Ṣé afẹ́fẹ́ ti Kogi yàtọ̀ sí tiwa ni? Rárá o. Ìjọba tó wà níbẹ̀ nígbà náà ní àrùn náà kò sí lọ́dọ̀ àwọn. Nígbà tí àwọn òṣìṣẹ́ NCDC dé Lọ́kọ́ja ní oṣù karùn-ún ọdún 2020, ọ̀rọ̀ ò wọ̀ láàárín wọn, wọ́n sì padà láì ṣe iṣẹ́ tí wọ́n bá wá. Ẹni tí wọn ò yẹ̀ wò, wọn ò lè kà á. Obìnrin tó ń tajà àwìn tí kò kọ ọ́ sílẹ̀, bó bá ní kò sẹ́ni tó jẹ òun ní gbèsè, ta ni máa gbà á gbọ́? Iye tó kéré kì í ṣe ẹ̀rí pé àìsàn kéré. Nígbà mìíràn ẹ̀rí pé a ò wò ó ni.

Ẹ má rò pé Kogi nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá ọdún 2020, wọ́n lọ láti ilé dé ilé ní Èkó, Enugu, Nasarawa àti Gombe, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àwọn èèyàn láti mọ̀ bóyá kòrónà ti kọjá lára wọn rí. Nínú 100 èèyàn ní Èkó àti Enugu, ó ti kọjá lára 23. Ní Nasarawa, 19. Ní Gombe, 9. Bẹ́ẹ̀ nígbà tí oṣù kẹwàá ọdún náà fi parí, ìwọ̀nba ẹgbẹ̀rún mọ́kànlélógún ni ìwé fi hàn fún gbogbo Èkó, ìlú tí èèyàn inú rẹ̀ jẹ́ ọ̀pọ̀ mílíọ̀nù. Ẹ rí i pé èyí tí wọ́n kà ò ju bí ẹ̀kún ọwọ́ kan nínú àpò ìrẹsì lọ.

Kí ló fà á? Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ fún ara wa. Bí ikọ́ bá mú ọ̀kan nínú wa, tí ara rẹ̀ gbóná, ibo ló ń kọ́kọ́ lọ? Kẹ́mísì ni. Á ra oògùn ikọ́ àti pánádọ̀, á sì wá jókòó ti ọjà rẹ̀. Òmíràn á se àgbo. Bí kò bá sàn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan, ìgbà yẹn ni wọ́n á tó gbé e lọ sí ọsibítù. Gbogbo ìjọba ìbílẹ̀ ní Nàìjíríà ló ní òṣìṣẹ́ kan tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba ìròyìn àrùn tó ń ràn jọ, kó sì fi ránṣẹ́ sókè. Ṣùgbọ́n láti ọsibítù àti ibùdó ìlera ni ìròyìn ti ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá parí àìsàn tirẹ̀ sí kẹ́mísì kò sí nínú ìwé yẹn. Àwa ìyá ọjà ló pọ̀ jù nínú àwọn tí kò sí níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ àwa là ń bá èèyàn tó pọ̀ jù sọ̀rọ̀ lójúmọ́, tí à ń gba owó lọ́wọ́ wọn, tí a sì ń fún wọn ní ṣéńjì.

Àrùn èémí, ọ̀nà ọjà ló ń tọ̀. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ tuntun. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1918, ọkọ̀ ojú omi gbé ọ̀fìnkìn ńlá kan tó ń jà káàkiri ayé wọ Èkó. Reluwé ti ń rìn dé Ìlọrin láti ọdún 1908, ó ń gba Ìbàdàn, Ẹdẹ, Òṣogbo, Ìkìrun àti Ọ̀fà wa kọjá. Ọ̀fìnkìn náà bá èrò wọkọ̀. Láàárín oṣù díẹ̀ ó ti kárí Nàìjíríà, àwọn òpìtàn sì ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù èèyàn ló bá a lọ. Kò sí abẹ́rẹ́ fún un nígbà yẹn. Lónìí mọ́tò ló pọ̀ ju reluwé lọ, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni. Láti Èkó, láti Ìbàdàn, láti Òṣogbo la ti ń kó ọjà. Nítorí náà, bí wọ́n bá ní àrùn ń pọ̀ ní Òṣogbo, kí á má sọ pé ti Ọ̀ṣun nìyẹn, Kwara ni tiwa. Ààlà ìpínlẹ̀ wà nínú ìwé, kò sí lójú ọ̀nà Ìkìrun. Bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a ò tètè sọ fún un, hẹ̀rẹ̀huru rẹ̀ kò ní jẹ́ ká sùn lóru.

Ẹni tó bá tẹ̀ lé iye náà láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ á rí ohun kan kọ́. Ìgbà mẹ́rin ló gbérí gan-an: àárín ọdún 2020, oṣù kìíní ọdún 2021, oṣù kẹjọ ọdún 2021 nígbà tí oríṣi tí wọ́n ń pè ní Delta wọlé, àti oṣù kejìlá ọdún 2021 nígbà tí Omicron dé. Méjì nínú mẹ́rin yìí, àsìkò ọdún Kérésì àti ọdún tuntun ló bọ́ sí, nígbà tí àwọn ọmọ wa ń ti Èkó bọ̀ wálé, tí ìgbéyàwó ń lọ lọ́tùn-ún lósì, tí ẹsẹ̀ ò gbèrò ní Ọjà Owódé. Ọjà tó tà jù fún wa ni àsìkò tí àrùn èémí náà ń ráyè jù. Bí a bá mọ èyí ṣáájú, a lè múra sílẹ̀ láti oṣù kọkànlá.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ ti abẹ́rẹ́ àjẹsára. Ọjọ́ 2 oṣù kẹta ọdún 2021 ni èyí àkọ́kọ́ dé sí Àbújá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù mẹ́rin. Lọ́jọ́ kẹta lẹ́yìn rẹ̀ ni wọ́n gún dókítà kan ní National Hospital, òun lẹni àkọ́kọ́. Ilẹ̀ Íńdíà ni wọ́n ti ń ṣe é. Nígbà tí kòrónà gbóná mọ́ àwọn ará Íńdíà fúnra wọn lọ́wọ́, wọ́n dá a dúró síbẹ̀, ọwọ́ wa ò sì tó o mọ́. Ìgbà tó di oṣù kẹjọ, Amẹ́ríkà fi mílíọ̀nù mẹ́rin ránṣẹ́. Òmíràn tún tẹ̀ lé e láti ilẹ̀ òyìnbó, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí wọ́n máa bàjẹ́ ti sún mọ́ kí wọ́n tó dé. Ní ọjọ́ 22 oṣù kejìlá ọdún 2021, Nàìjíríà kó abẹ́rẹ́ tó ju mílíọ̀nù kan lọ tí ọjọ́ ti kọjá lórí rẹ̀, wọ́n sì bà á jẹ́ ní ààtàn kan ní Àbújá. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni iye àwọn tó ń kó àrùn náà ga jù láti ìgbà tó ti bẹ̀rẹ̀, tó kọjá 4,000 lójúmọ́ kan.

Àwa tí à ń ta ẹ̀fọ́ mọ ohun tí à ń pè ní kí ọjà dé lẹ́yìn tí èrò ti tú. Ẹ̀fọ́ ò lẹ́bi, èrò ò lẹ́bi, ṣùgbọ́n wọn ò pàdé. Bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ náà rí. Nígbà tó di ọdún 2022, Nasarawa àti Jigawa ló wá wà lára àwọn tó ṣáájú nínú gbígba abẹ́rẹ́, kì í ṣe Èkó tí iye àrùn tirẹ̀ pọ̀ jù. Ibi tí àrùn wà àti ibi tí abẹ́rẹ́ ń wọlé sí, ó yẹ kí wọ́n jọ máa rìn ni. Wọn ò lè jọ rìn bí a kò bá mọ ibi tí àrùn wà.

A mọ̀ pé àìsí abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló fa ìdádúró. Àhesọ náà dá kún un. Wọ́n ní ẹni tó bá gbà á kò ní lò ju ọdún méjì lọ láyé. Ó ti ju ọdún mẹ́rin lọ báyìí tí wọ́n ti ń gún un ní Nàìjíríà, àwọn tó gbà á sì ń bẹ lọ́jà, wọ́n ń tajà wọn. Òótọ́ tó wà níbẹ̀ ni pé abẹ́rẹ́ náà kò ní kí kòrónà má mú èèyàn rárá. Ohun tó ń ṣe ni pé bó bá mú un, kó má ṣe é dójú ikú. Fún ẹni tó ti lé lọ́gọ́ta ọdún bíi ti ọ̀pọ̀ nínú wa, tàbí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí ìtọ̀ ṣúgà, ìyẹn kì í ṣe nǹkan kékeré.

Ẹ̀yin ìyá wa, ìdí tí a fi ń sọ gbogbo èyí rèé. Ẹgbẹ́ ń dábàá pé kí ọjà wa ní ìwé ìkàyè tirẹ̀. A ti gbọ́ ohun tí àwọn kan ń sọ sí i, a sì fẹ́ dá wọn lóhùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Àwọn kan ní bí ìjọba bá gbọ́ pé ikọ́ pọ̀ lọ́jà, wọ́n á tì í pa. Ẹ̀rù yìí tọ́, nítorí ojú wa ti rí i rí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká rò ó dáadáa. Ní ọdún 2020, kí ló dé tí wọ́n fi ti ibi gbogbo pa lẹ́ẹ̀kan náà? Nítorí pé kò sẹ́ni tó lè sọ ibi tí àrùn wà àti ibi tí kò sí. Ẹni tí kò mọ yàrá tí ejò wọ̀, gbogbo ilé ló máa lé èèyàn jáde. Bí a bá ní ìwé lọ́wọ́ tó fi hàn pé láti ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àìsàn kò ju bó ṣe máa ń rí lọ ní ọjà wa, a ní ohun tí a lè gbé síwájú ìjọba ìbílẹ̀. Bó bá sì jẹ́ ìlà kan péré ló pọ̀ sí, a lè bẹ̀bẹ̀ pé kí ìlà yẹn sinmi fún ọjọ́ díẹ̀, kí àwọn tó kù máa tà. Ẹni tí kò ní ìwé, ẹ̀bẹ̀ lásán ló ní lẹ́nu.

Àwọn mìíràn ní ìtìjú ni, pé wọ́n á máa nawọ́ sí ẹni tó ń wúkọ́. Kò ní rí bẹ́ẹ̀, nítorí pé a ò ní kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Iye nìkan la máa kọ. Ẹ tún ní kí ó má lọ di ìwé tí agbowó orí máa fi wá wa. Ìwé tí kò ní orúkọ, tí kò sọ iye ọjà ẹnikẹ́ni, kí ni agbowó orí máa rí nínú rẹ̀?

Àwọn kan sì ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ wa. Àmín, Òun náà ni. Ṣùgbọ́n gbogbo wa ló ń gbàdúrà kí olè má jà wá, a sì ń san owó ọdẹ.

Bí a ṣe fẹ́ kó rí nìyí. Ìlà kọ̀ọ̀kan, bẹ̀rẹ̀ láti orí alátà dé orí aláṣọ dé orí ẹlẹ́ran, máa yan obìnrin kan tó mọ̀wé díẹ̀. Ẹgbẹ́ á fún un ní ìwé kan àti bírò kan. Lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, á kọ nǹkan mẹ́ta: iye àwọn tó wà ní ìlà rẹ̀, iye àwọn tí ikọ́ tàbí ibà dá dúró sílé lọ́sẹ̀ náà, àti iye àwọn tó ń wúkọ́ síbẹ̀ tí wọ́n wá sọ́jà. Ó tán. Gbogbo wa la mọ bí alájọ ṣe ń sàmì sí káàdì lójoojúmọ́ tí kò sì fo ẹnì kankan. Kò le ju ìyẹn lọ. Ìwé ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo kò lè sọ nǹkan púpọ̀. Bó bá di ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá, a ó ti mọ bó ṣe máa ń rí, ọjọ́ tó bá sì yí padà, a máa tètè mọ̀.

Akọ̀wé á ko iye náà jọ, á sì mú un lọ fún òṣìṣẹ́ tó ń gba ìròyìn àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀fà. Àwa náà ní ohun tí a máa bèèrè lọ́wọ́ wọn: kí wọ́n máa sọ iye ti Ọ̀fà fún wa, àti ti Ẹ̀rín-Ilé, Ìjàgbò àti àwọn ìlú tí à ń bá ná ọjà, ní èdè Yorùbá, ká lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri níbi tí gbogbo ayé á ti rí i. Kíkà tó ń gòkè lọ tí kì í padà wálẹ̀ kò wúlò fún ẹni tí wọ́n kà.

A ó tún bèèrè pé nígbàkigbà tí abẹ́rẹ́ bá dé, ti kòrónà ni o, ti àrùn mìíràn ni o, kí wọ́n gbé nọ́ọ̀sì wá sí inú ọjà, kó sì jẹ́ ṣáájú oṣù kejìlá. Ìyá tó bá fi ìsọ̀ sílẹ̀ lọ tò sí ọsibítù láti àárọ̀, owó oúnjẹ ọjọ́ náà ló fi sílẹ̀ yẹn. Bí abẹ́rẹ́ bá bá a nídìí ọjà, kò ní í sọ pé òun ò ráyè.

A ò gbọ́dọ̀ máa wò ó bí ẹni pé iṣẹ́ àwọn ọ̀mọ̀wé nìkan ni. Ẹdẹ tó wà nítòsí wa yìí, tí reluwé ń gbà kọjá, níbẹ̀ ní yunifásítì Redeemer's ni àwọn ọmọ Nàìjíríà ti tú ìdí kòkòrò kòrónà wò ní oṣù kẹta ọdún 2020, ìgbà àkọ́kọ́ tí wọ́n ṣe é ní Áfíríkà nìyẹn. Ìmọ̀ ò jìnnà sí wa. Ohun tó jìnnà ni pé kí ìròyìn kúrò ní ìsọ̀ alátà kó dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ní ìmọ̀ náà. Kò sẹ́ni tó lè bá wa gbé e débẹ̀ bí àwa fúnra wa.

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwa la wà lọ́jà. Ní ìpàdé tó ń bọ̀, kí ìlà kọ̀ọ̀kan mú orúkọ ẹni tí wọ́n bá yàn wá. Ẹni tí ọ̀rọ̀ yìí kò bá tẹ́ lọ́rùn, kó wá sọ tẹnu rẹ̀ níwájú gbogbo wa, ìpàdé la fi ń yanjú ọ̀rọ̀.

Ọlọ́run á fún wa ní àlàáfíà tí a ó fi ná èrè ọjà wa. Ọ̀fà á dára, ọjà á tà. Àmín.

Akọ̀wé, lórúkọ Ẹgbẹ́